Ẹlẹ́sẹ̀ kọ́, afẹsẹ̀rìn ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò wa tó ń túmọ̀ òfin sí Yorùbá fún àwọn tí mọ́tò gbá lójú títì ti dá ọ̀rọ̀ náà "ẹlẹ́sẹ̀" sílẹ̀ fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Mi ò gbà á.

Oní- ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹlẹ́ran ló ni ẹran, ẹlẹ́mu ló ni ẹmu. Ta ni kò wá ní ẹsẹ̀? Awakọ̀ náà ní ẹsẹ̀, òun gan-an ni kò tètè gbé e lé búrééèkì. Ẹ tún gbọ́: àmì abẹ́ s nìkan ló ya ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣẹ̀. Lẹ́nu ará Ìbàdàn, tó máa ń fi s pe ṣ, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣé ẹni tí wọ́n dá lápá la ó pè bẹ́ẹ̀ níwájú adájọ́? Òfin fúnra rẹ̀ máa ń wò ó bóyá ẹni tó farapa náà jáfara, adájọ́ sì lè tìtorí ẹ̀ gé nínú owó tó yẹ kó gbà. Orúkọ kò gbọdọ̀ ti dá a lẹ́bi ṣáájú.

Afẹsẹ̀rìn ni. Awakọ̀, afẹsẹ̀rìn: a- kan náà ló bí wọn, títì kan náà ni wọ́n jọ ni.

Mọ́tò gbá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Lágere, níbí ní Ifẹ̀. Awakọ̀ náà sunkún, ó san owó ìtọ́jú ọjọ́ kìíní, àwọn àgbà ilé ní ká fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ẹjọ́ tí ọlọ́pàá bá pe awakọ̀ kò dí ẹni tó farapa lọ́wọ́ láti pe tirẹ̀, kó gba owó ìtọ́jú àti owó iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A ò mọ̀ pé òfin ọdún 1945 ti sọ inṣọ́ránsì di dandan fún ọlọ́kọ̀ nítorí irú ẹ̀gbọ́n ìyá mi. A ò tọ́jú rísíìtì kan. Wọ́n tiro títí wọ́n fi kú.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń pe ẹ̀bi awakọ̀ ní "àìbìkítà", inú ọkàn nìyẹn wà. Kóòtù ò wo ọkàn, ohun tí ẹni tó ń ṣọ́ra ìbá ṣe ló ń wò. Ẹni tó sunkún yẹn bìkítà, ó sì jáfara. "Ìjáfara" ni ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà fi sílẹ̀ fún wa.

Ti "owó ìtanràn" tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láàárín wa dá lábàá fún owó tí kóòtù ń ní kí wọ́n san fún ẹni tó farapa, ìjọba ló ń gba ìtanràn. "Gbà-máà-bínú" náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ̀bẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀tọ́ la sì ń bèèrè. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá.