Ẹ bá mi dárúkọ ìtàn kúkúrú onísáyẹ́ǹsì tí ayé ti parí lóòótọ́

ÒǹkàwéÒru:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Mò ń wá ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì lórí òpin ayé, kúkúrú ni o, irú èyí tí èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ kó sì parí rẹ̀ kí oorun tó gbé e. Mi ò fẹ́ ti òkú tó ń rìn kiri. Mi ò sì fẹ́ èyí tí akọni kan máa yọ gbogbo ayé nínú ewu nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan. Mo ti ka ìwé gbọ̀ǹgbọ̀ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n dé àárín, gbogbo wọn ló gbàgbé òpin ayé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ta ni yóò jọba lórí àwọn tó ṣẹ́ kù. Kí ayé parí ni èmi ń fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìparí ìtàn fún mi.

Akéwejẹ:
Bẹ̀rẹ̀ látorí "There Will Come Soft Rains" tí Ray Bradbury kọ ní 1950. Kò sí èèyàn alààyè kankan nínú ẹ̀. Ilé kan ló wà níbẹ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣe gbogbo iṣẹ́ inú ẹ̀: ó ń jí àwọn onílé láàárọ̀, ó ń se oúnjẹ, ó ń gbálẹ̀, ó ń ka ewì fún ìyá ilé tó bá di alẹ́. Àwọn tó ń ṣe é fún ò sí mọ́. Bọ́ǹbù átọ́míìkì ti jó wọn, òjìji wọn nìkan ló kù lára ògiri ìta, bàbá níbi tó ti ń gé koríko, ìyá níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ já òdòdó. Ẹyin àti búrẹ́dì gbẹ sórí tábìlì, ẹ̀rọ kó wọn dànù, ó di ọjọ́ kejì. Bradbury ò sọ ẹni tó ju bọ́ǹbù, kò sọ ohun tó dá ìjà sílẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn déètì: nínú The Martian Chronicles, ìwé Bradbury tí ìtàn náà wà nínú ẹ̀, oṣù Kẹjọ 2026 ló fi ìtàn náà sí. Àwọn ẹ̀dà kan tó jáde lẹ́yìn náà sún un síwájú dé 2057.

BàbáÌtàn:
O gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi. Èyí tó kàn ni "The Nine Billion Names of God", Arthur C. Clarke, 1953. Kò gùn rárá. Àwọn mọ́ńkì kan, ìyẹn àwọn tó fi ayé wọn fún ìsìn, ní Tibet gbà pé torí kí ọmọ ènìyàn lè kọ gbogbo orúkọ Ọlọ́run sílẹ̀ ni a ṣe dá a, orúkọ tó tó bílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá ń fọwọ́ kọ ọ́, yóò gbà tó 15,000 ọdún. Wọ́n wá lọ yá kọ̀ǹpútà tí yóò parí ẹ̀ láàárín 100 ọjọ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì tó bá ẹ̀rọ náà lọ ń fi àwọn mọ́ńkì ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa dúró. Bó o bá ṣí i, fi ọwọ́ bo gbólóhùn tó kẹ́yìn títí wàá fi débẹ̀.

Ẹlẹ́nuMímú:
Áà, mo rántí! Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni àwọn ìràwọ̀ ti

BàbáÌtàn:
Ìwọ ọmọ yìí! Kí ni wọ́n ní ká má sọ?

Ẹlẹ́nuMímú:
Ẹ má bínú, bàbá. Mo ti gé e.

TíṣàFísíìsì:
Èmi ò ka ti Clarke yẹn sí tó bẹ́ẹ̀. Àwàdà tó dùn ni, mi ò jiyàn, àmọ́ yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà, sáyẹ́ǹsì wo ló wà níbẹ̀? ÒǹkàwéÒru, lọ ka "A Pail of Air" ti Fritz Leiber, 1951. Ìràwọ̀ kan tó ti kú, tí kò tan ìmọ́lẹ̀ mọ́, ṣèèṣì kọjá nítòsí, ló bá já ilé ayé gbà mọ́ oòrùn lọ́wọ́. Òtútù mú títí afẹ́fẹ́ fi dì, tó sì rọ̀ sílẹ̀ bíi yìnyín. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin há sínú yàrá kan tí wọ́n fi aṣọ bò yí ká, iná wọn ò gbọdọ̀ kú, ọmọkùnrin ilé ló sì máa ń gbé korobá jáde lọ bu afẹ́fẹ́ tí wọ́n máa mí wálé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń kà á ní àkàtúnkà. Orí òkè ni ọmọ náà ti ń bu ọ́síjìn. Omi ló kọ́kọ́ dì, òun ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́síìdì lé e lórí, náítírójìn tún lé ìyẹn lórí, ọ́síjìn wá bò wọ́n, àwọ̀ ẹ̀ rí bíi ti ojú sánmà fẹ́ẹ́rẹ́. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn! Òtútù gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé 210 lábẹ́ òdo lórí ìwọ̀n Celsius kí náítírójìn tó dì, ọ́síjìn ń dúró de nǹkan bíi 219. Leiber lè má sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó máa bi í. Ó ṣe ìṣirò ẹ̀ síbẹ̀.

Ìkejì: "Inconstant Moon", Larry Niven, 1971, ó gba Hugo, ẹ̀bùn ńlá fún ìtàn onísáyẹ́ǹsì, lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin kan wà nílé lálẹ́, ó rí i pé òṣùpá ń mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òṣùpá ò ní ìmọ́lẹ̀ tara ẹ̀, oòrùn ló ń yá a. Ọkùnrin náà ronú lọ ronú bọ̀, ó mọ ohun tó ṣeé ṣe kó ti ṣẹlẹ̀ sí apá ibi tí ojúmọ́ wà láyé. Kò pariwo. Ó pe ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ kí wọ́n jọ jáde.

Akéwejẹ:
Tíṣà, ẹni tó béèrè ní òun ò fẹ́ àwọn tó ṣẹ́ kù o.

TíṣàFísíìsì:
Ẹni mẹ́rin nínú yàrá kan, ṣé ayé lo pe ìyẹn?

AdúróṣánṣánKàwé:
Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ìràwọ̀ àti òṣùpá nìkan lẹ mọ̀. Àwọn èèyàn ńkọ́?

"Speech Sounds", Octavia Butler, 1983. Bọ́ǹbù ò bú, nǹkan ò já bọ́ látòkè. Àìsàn kan ló jà. Ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn kan, ó gba ìwé kíkà mọ́ àwọn mìíràn lọ́wọ́. Inú bọ́ọ̀sì ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, ìjà bẹ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè la àwọn tó ń jà nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi bẹ̀ wọ́n. Obìnrin tí ìtàn dá lé ti kọ̀wé rí. Ìwé kún ilé ẹ̀. Kò lè kà wọ́n mọ́, kò sì lè mú ara ẹ̀ láti fi wọ́n dáná. Mo gbé ìtàn náà sílẹ̀ níbẹ̀, mo jókòó fúngbà díẹ̀ kí n tó máa bá a lọ. Òun náà gba Hugo, ní 1984.

Àti "The Comet" tí W. E. B. Du Bois kọ, ó wà nínú ìwé ẹ̀ Darkwater ní 1920. Ìràwọ̀ onírù kọjá, èéfín olóró rẹ̀ sì pa gbogbo New York. Jim, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń jíṣẹ́ fún báńkì, ò kú torí pé òun ni wọ́n rán lọ sínú yàrá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ wọ̀. Ó jáde, ó bá òkú nílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó padà rí ni obìnrin aláwọ̀ funfun kan, ọmọ olówó. Nígbà tí àwọn méjì bá rò pé àwọn nìkan ló kù, ṣé àwọ̀ ara ṣì já mọ́ nǹkan kan? Ẹ kà á dé òpin, òpin ẹ̀ ta.

Akéwejẹ:
Ti Butler yẹn dáa gan-an, mo gbà. Àmọ́ bọ́ọ̀sì ṣì ń rìn níbẹ̀. Ayé ò tíì parí.

AdúróṣánṣánKàwé:
Kí gbogbo èèyàn yadi, kí bọ́ọ̀sì ṣì máa rìn. Ó yẹ kó dẹ́rù bà ọ́ ju tilé aládàáṣiṣẹ́ ẹ lọ.

Ẹlẹ́nuMímú:
Mo ti padà, mo sì ti kẹ́kọ̀ọ́. "Nightfall", Isaac Asimov, 1941, ọmọ ọdún 21 ni nígbà yẹn. Ayé kan tó ní oòrùn mẹ́fà, ilẹ̀ kì í ṣú níbẹ̀ àfi lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 2,049. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Ó tán. Ẹ rí i, mi ò sọ nǹkan kan! Kìkì pé kẹ́ ẹ má lọ mú ìwé gígùn tí wọ́n fà yọ látinú ẹ̀ ní 1990, ìtàn kúkúrú yẹn ló lágbára.

"The Last Question" tòun náà kọ ní 1956 wà ńlẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi kọ̀ǹpútà láti ìran dé ìran: nígbà tí gbogbo ìràwọ̀ bá jó tán, ṣé ó ṣeé tún tàn? Asimov fúnra ẹ̀ sọ pé òun fẹ́ràn ìtàn yìí ju gbogbo èyí tóun kọ lọ.

BàbáÌtàn:
O gbìyànjú.

Ẹni tí kò bá fẹ́ náwó, àwọn àtijọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg, ilé ìkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. "The Star" ti H. G. Wells, 1897. "The Conversation of Eiros and Charmion" ti Edgar Allan Poe, 1839, níbi tí ẹ̀mí méjì ti ń ròyìn fúnra wọn bí ayé ṣe jóná. Darkwater náà wà níbẹ̀. Èdè Poe le bí ẹja gbígbẹ, má fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

ÒǹkàwéÒru:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ka ti Bradbury lálẹ́ àná. Akéwejẹ, ẹ ò sọ fún mi pé ajá wà níbẹ̀! Ilé yẹn mọ gbogbo nǹkan ṣe, ó mọ bí wọ́n ṣe ń nu ẹrẹ̀ tí ajá fẹsẹ̀ tẹ̀ wọlé, kò sì mọ̀ pé ebi ń pa ajá náà. Mi ò tètè sùn.

Mo tún ti ka ti korobá afẹ́fẹ́. Tíṣà, ẹni mẹ́rin wọ̀nyẹn ò dí mi lọ́wọ́ rárá, mo gba tiyín. Butler ló kàn lọ́la. Ti òṣùpá ni mo fẹ́ kà lálẹ́ yìí, àmọ́ mo kọ́kọ́ lọ yọjú lójú fèrèsé ná. Ó wà bó ṣe máa ń wà.

TíṣàFísíìsì:
Tún un wò kó o tó sùn.