Lórí "ilékéré" tí wọ́n kọ sórí àwòrán ọmọ wa

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó o. Láti ìjẹta ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, mo ní mi ò ní dá sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti wọlé mi báyìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kó ya ilé kékeré tí ẹnì kan lè gbé, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 12 ní ìbú, ó wá bi yín léèrè orúkọ Yorùbá tó lè pè é, ọ̀gá kan nínú yín sì fún un ní "ilékéré". Ọmọ ò jiyàn, ó kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba sókè àwòrán, ILEKERE, láìsí àmì kankan lórí ẹ̀. Ìyá ẹ̀ gbà á, ó wò ó títí, ó ní "Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ? Ìlẹ̀kẹ̀ ta ni?" Ó dùn mí gan-an, kí ìyá ọmọ máa wo orúkọ Yorùbá kó má mọ ohun tó ń kà.

Àmì ohùn nìkan kọ́ o. "Kéré" yẹn gan-an ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú ẹ̀. Ọ̀gá, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ ìṣe ni kéré. Ilé kéré, owó kéré, oúnjẹ kéré, odindi gbólóhùn ni, ẹni tó bá sọ ọ́ ń ráhùn ni. Kékeré ló ń yán ọ̀rọ̀ orúkọ. Ẹ ò sì lè sọ pé ẹ gé kékeré kúrú ni, tórí tí ẹ bá gé "ké" iwájú kúrò, "keré" ló máa kù, ohùn àárín ló wà lórí "ke" yẹn, kì í ṣe ohùn òkè. Ọ̀gá ní ṣebí ilé-kéwú náà nìyẹn, ọ̀rọ̀ ìṣe ló tẹ̀ lé ilé. Kéwú ti di orúkọ tipẹ́tipẹ́, ọmọ ń kọ́ kéwú, ààfáà ń kọ́ ọmọ ní kéwú. Ta ló ń kọ́ kéré?

Ẹlòmíì ní bí a ṣe ní ọmọ odó àti ọmọ ọlọ, ká kúkú pè é ní ọmọ ilé. Ẹ pa á pọ̀ kí ẹ gbọ́ ọ: ọmọlé. Ọmọlé tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri lálẹ́ ni gbogbo wa mọ̀. Ẹni tó dá ahéré lábàá sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ ahéré, oko ló wà, ẹni tó ń sùn níbẹ̀ ní ilé níbòmíì, ilé làbọ̀ sinmi oko.

Àwọn bàbá wa ní ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé fúnra ẹ̀ la fẹ́ sọ lórúkọ yìí, kí la máa wò? Lójú tèmi, ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe nínú ẹ̀ ni, kì í ṣe bó ṣe tóbi tó. Ní agbo ilé wa ní Ìṣẹ́yìn, ojúlé ni wọ́n fi ń kà. Ojúlé ìyá mi àgbà ò ju yàrá kan lọ, ihò tó wà lára ògiri ẹ̀ ò gba orí ọmọdé, bó o bá ṣe ń wọlé àmù omi wà lápá ọ̀tún, ìdí ẹ̀ ti rì wọlẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ a máa tutù débi pé a máa ń du ibẹ̀ sùn tí oòrùn bá mú. Àgbàdo wà lókè àjà. Ìyókù, ìdáná o, iyán gígún o, àlejò o, ẹjọ́ o, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń wáyé. Mi ò gbọ́ ọ rí kí màmá sọ pé ilé òun kéré. "Ojúlé mi" ni wọ́n máa ń pè é. Àyè kì í há adìyẹ kó má lè dé ìdí àba ẹ̀.

Olùkọ́ ọmọ yìí ti fi ilé kan hàn wọ́n, èyí tí Le Corbusier, àkítẹ́ẹ̀tì olókìkí, yà fún ara ẹ̀ ní òpin 1951, tí wọ́n kọ́ ní 1952 ní Roquebrune-Cap-Martin létí òkun Faransé. Pákó ni, mítà 3.66 ní gígùn àti ní ìbú, ẹsẹ̀ bàtà 12 náà nìyẹn. Ní 2016 UNESCO kà á mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé. Kò sí ilé ìdáná níbẹ̀ o! Ilẹ̀kùn kan ló já sí ilé oúnjẹ aládùúgbò ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Cabanon ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi ń pe ahéré níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò dá orúkọ tuntun kankan sílẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ti ilẹ̀kùn yẹn ni mo pariwo pé ojúlé rèé! Ojúlé tó fara ti ilé ẹlòmíì. Ti ọmọ wa náà, mẹ́rin ló yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló so wọ́n pọ̀, ilé ìdáná kan ló wà lẹ́yìn fún ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àǹtí tó ní ojúlé ti di nọ́ńbà ara ògiri, ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ń kán oògùn rọpárọsẹ̀ sẹ́nu ọmọdé, ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń lọ, tí wọ́n bá sì dé agbo ilé tó ní ojúlé mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n máa kàgò.

Ẹni tó wá gbé shotgun house ti New Orleans ní Amẹ́ríkà wọ ọ̀rọ̀ yìí, ilé tóóró tí yàrá ẹ̀ tò tẹ̀ lé ara wọn, tó ní "tò" àti "gùn" wa ló bí orúkọ ẹ̀, rárá o. John Michael Vlach tó kọ̀wé lórí ẹ̀ ní 1975 tọ ipa ilé yẹn láti New Orleans dé Haiti, ó sì rí ilé oníyàrá méjì ti Yorùbá nídìí ẹ̀, ìyẹn wú mi lórí púpọ̀. Àmọ́ to-gun tó mẹ́nu bà, ti àwọn Fọn ní gúúsù Dahomey, tó di Benin lónìí, ni, ibi ìpàdé ló túmọ̀ sí. Ẹ ní bàbá yín ló sọ fún yín, mo bọ̀wọ̀ fún bàbá, ṣùgbọ́n ibo ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó sọ tò àti gùn di orúkọ wà? Mo ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọmọ máa gbé iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Mo ti ní kó pa ILEKERE rẹ́, kó kọ OJÚLÉ síbẹ̀, kó fi àmì sórí "jú" àti "lé" méjèèjì. Ọ̀gá, tí ẹ bá rí èyí tó dáa jù ú lọ, ẹ fi ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀, àmọ́ kó má ní kéré nínú.