Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ lésà sójú, bàálù Èkó sì ń dúró dè mí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo ṣe LASIK, iṣẹ́ abẹ lésà ọ̀hún, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọmọ ọdún 9 ni mo ti ń lo awò, ẹ wá wo bí inú mi ṣe dùn tó nígbà tí mo ka nọ́ńbà bọ́ọ̀sì láti òkèèrè! Àfi bí ẹ̀gbọ́n màmá mi ṣe jáde láyé. Jímọ̀ tó ń bọ̀ la máa sin wọ́n l'Abẹ́òkúta, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni bàálù mi.

Dókítà ní kò séwu, pé àwọn tí wọ́n fi gáàsì sínú ẹyinjú wọn nítorí àìsàn rẹ́tínà (awọ ẹ̀yìn inú ẹyinjú) ni kò gbọdọ̀ wọ bàálù. Kí n ṣáà máa kán oògùn ojú léraléra, torí afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe fara dà á fún bíi wákàtí mẹ́fà? Ṣé ẹ sùn? Ojú ń yún mi, n kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ ra á. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ ra á lójú oorun.

Eruku ọyẹ́ ló tiẹ̀ ń kọ mí lóminú jù, àti èéfín igi ìdáná níbi ìnáwó. Àbúrò mi tún ní dandan ni kí n lé tìróò! Ṣé awò dúdú lásán tó, àbí kí n ra èyí tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kílẹ̀ ọjọ́ Ajé tó ṣú.