"Ìdọ̀tí" kò tó fún pollution: èrò mi lórí àwọn ọ̀rọ̀ kẹ́místrì àyíká

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àjọrò o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́místrì àyíká ní yunifásítì ní kí a lo "ìdọ̀tí" fún pollution àti contamination pọ̀, pé ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà mọ̀ ló yẹ ká fi kọ́ ọmọ. Àbúrò wa kan ní "àbùlà" ló dáa jù fún contamination. Ẹlòmíràn mú "ìbéèrè ọ́síjìn" wá fún BOD (biochemical oxygen demand), ìyẹn ìwọ̀n ọ́síjìn tí kòkòrò àìfojúrí ń lò láti jẹ ẹ̀gbin inú omi. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ojú la fi ń rí ìdọ̀tí. Aṣọ dọ̀tí, a rí i, a fọ̀ ọ́, ó tán. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé (lead) pa ọmọdé tó lé ní 400. Àwọn àgbà ń gbé òkúta wúrà wá sílé láti lọ̀ ọ́, òjé sì pọ̀ nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bà sílẹ̀ àgbàlá, ó bà sí oúnjẹ, ó bà sọ́wọ́ ọmọ tó ń rá. Ẹni tó bá gbá àgbàlá yẹn tónítóní á ní kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀ mọ́, òjé sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Nínú omi mímu, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí òjé má kọjá mílígíráàmù 0.01 nínú lítà kan. Omi tó ní ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn lè mọ́ gaara. Bí a bá wá pe pollution ní ìdọ̀tí, ojú lásán la ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi yẹ omi wò.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tilẹ̀ jọra. Bí nǹkan kan bá ti pọ̀ ju bó ṣe wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, contamination nìyẹn. Ìgbà tó bá ń ṣe ẹ̀dá alààyè léṣe ló di pollution. Mo dábàá "àbàwọ́n" fún èyí àkọ́kọ́, "ìbàyíkájẹ́" fún èkejì. "Ìbànújẹ́" ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún ìbàyíkájẹ́, kò sì ní le lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ ó ní ojú náà la fi ń rí àbàwọ́n. Lára aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni; ṣùgbọ́n ìwà tí a ní kò lábàwọ́n, ta ló fojú rí i?

Ní ti àbùlà, ẹni tó ta oyin àbùlà mọ ohun tó ṣe. Òjò tó gbé ajílẹ̀ láti oko wọ odò kò mọ nǹkan kan. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, a nílò ọ̀rọ̀ yẹn níbòmíràn: omi tó ń jáde láti ilé-iṣẹ́ sábà máa ń lágbára jù, a ní láti bomi là á kí a tó wọn BOD rẹ̀. Dilution ni àbùlà.

BOD fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á rọ omi odò kún ìgò dẹ́múdẹ́mú, kí afẹ́fẹ́ kankan má sí níbẹ̀, wọ́n á wá fi èròjà máńgáníìsì àti ayodáìdì sí i. Bí ọ́síjìn bá wà nínú omi náà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ ni yóò silẹ̀; bí kò bá sí, funfun ni yóò jẹ́. Ásíìdì yóò yọ́ ọ, omi á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Wọ́n á fi sítáàṣì sí i, á dúdú bí aró, wọ́n á sì máa kán tíósọ́fétì sí i títí àwọ̀ náà yóò fi pòórá. Iye tó kán ló ń sọ iye ọ́síjìn. Ìgò kejì, tí wọ́n rọ omi kan náà sí, á wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ márùn-ún, ní ìwọ̀n ooru 20°C, kí ewéko inú omi má bàa pèsè ọ́síjìn kún un. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yẹ òun náà wò bákan náà. Iye ọ́síjìn tó dín láàárín ọjọ́ márùn-ún náà ni BOD.

Níbo ni ìbéèrè ti wọ̀ ọ́? Ẹnikẹ́ni kò béèrè nǹkan kan. Kòkòrò àìfojúrí jẹ ẹ̀gbin inú omi, ó sì lo ọ́síjìn tó wà níbẹ̀. "Ìlò ọ́síjìn" ni kí a pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ ọ á mọ ohun tí a wọ̀n.

Filtration kò gba ìjà: sísẹ́ ni, ilé gbogbo tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé nítorí kí ọmọ má bàa sá fún ẹ̀kọ́ lẹ ṣe fẹ́ ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ kan kò lè máa ru ìtumọ̀ méjì tí ìdánwò yóò béèrè ìyàtọ̀ wọn. Náílọ́ọ̀nù pure water tó dí gọ́tà, ìyẹn ni kí ẹ jẹ́ ká fi ìdọ̀tí sílẹ̀ fún.