Wọ́n ń rán wa lọ sí Malabo, àwọn ọmọ ò gbọ́ èdè Sípéènì rárá

Ìyá Ọlá, Àjàṣẹ́
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìjọ wa ti yan ọkọ mi kó lọ ṣe míṣọ́nnárì ní Gíní Ekuatóríà, Malabo ni wọ́n ní a ó máa gbé, ọdún mẹ́rin, èmi àti ọmọ mẹ́ta. Ọjà Wándó níbí ní Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń ta aṣọ, Yorùbá la ń sọ nílé, Gun lọ́jà, àwọn ọmọ ń fi Faransé kàwé, Sípéènì ni kò sẹ́ni tó gbọ́ nínú wa. Ọkọ mi ń fi fóònù kọ́ ọ lálaalẹ́, èmi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Àgbà jẹ́ ọdún 13, èyí tó tẹ̀ lé e ọdún 9, àbíkẹ́yìn ọdún 4. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni àwọn ọmọ yìí, ṣé wọ́n á kàn jókòó ní kíláàsì bí odi ni, tí wọ́n bá sì wá gbọ́ ọ tán ńkọ́, ṣé Yorùbá ò ní kúrò lẹ́nu wọn? Ìyá ọkọ mi wà ní Kétu, kò gbọ́ Faransé, Yorùbá nìkan ló gbọ́, bí àbíkẹ́yìn mi bá dé tí kò lè kí i, kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ibẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn.

Màmá Bata, Kétu
Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o Ìyá Ọlá, ọ̀nà á là. Ọdún mẹ́fà làwa lò ní Bata, ní Gíní Ekuatóríà yẹn náà. Oúnjẹ ò ní dà yín láàmú, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń pè ní yuca, kókò ni malanga, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni plátano, ẹja pọ̀, ẹ ṣáà di ẹ̀lùbọ́ dání.

Ohun tó le fún èmi ni pé mo di odi. Èmi tí mo máa ń ṣáájú àdúrà ní Kétu, tí mo ń bá àwọn ìyàwó ilé parí ìjà, mo débẹ̀ mo wá di ẹni tó kàn ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Mo bá kọjá lára ẹni tó ń gbálẹ̀, "ẹ kú iṣẹ́" á ti dé ètè mi, kò sí i lédè wọn, buenos días náà ni màá sọ, á dà bíi pé mo gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ìgbà kan ọmọ mi ọkùnrin ò rí ìgbẹ́ yà fún ọjọ́ mẹ́rin, mo lọ sílé oògùn, mo rò pé Faransé tí mo gbọ́ á ràn mí lọ́wọ́, mo ní constipado, obìnrin yẹn fún mi ní oògùn olómi kan, mo ń fún ọmọ mu, ọmọ sunkún fún òru méjì gbáko. Aládùúgbò wa ló bá mi ka ara ìgò, oògùn ọ̀fìnkìn ni. Constipado lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí òtútù mú ni. Estreñido ló yẹ kí n sọ.

Ọmọ mi obìnrin ní tiẹ̀, ọmọ ọdún 10, kò ju oṣù mẹ́fà lọ tó fi ń sọ ọ́ geere. Mo bá sọ ọ́ di ẹnu mi, ọjà òun, ọ́fíìsì òun, onílé òun. Títí di ọjọ́ tí oyún oṣù mẹ́ta bàjẹ́ lára mi, tí bàbá wọn rìnrìn àjò ìwàásù. Ọmọ yẹn ló sọ fún dókítà pé ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára màmá òun láti àárọ̀. Òun náà ló yíjú sí mi tó ní "Màmá, wọ́n ní ọmọ yẹn ò sí mọ́". Ó di etí aṣọ mi mú, ọwọ́ ẹ̀ tutù nini. Ọ̀sẹ̀ kejì mo lọ bá obìnrin tó ń ta malanga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa pé kó máa kọ́ mi, láràárọ̀ mo ń bá a to malanga, òun ń pe orúkọ nǹkan, èmi ń pè é tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ni mo ń bá wí Ìyá Ọlá, kì í ṣe àwọn ọmọ. Wọ́n á gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Tíṣà Ṣábẹ̀ẹ́
Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo kà á tán mi ò lè sọ nǹkan kan fúngbà díẹ̀.

Èdè Sípéènì ni mo ń kọ́ wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kò le fún ẹnu Yorùbá tó Faransé, fáwẹ́lì márùn-ún péré, a e i o u, kò sí èyí tí a ń fi imú pè. H kì í dún, hola fẹ́ dà bí Ọlá tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ yín, àmọ́ o ni, kì í ṣe ọ. Tú ni "ìwọ", usted ni "ẹ̀yin" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn, nítorí náà ibẹ̀ máa rọ̀ yín lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń tẹ̀ lé usted, ti "òun" ni wọ́n ń lò. Faransé gan-an ló máa ń ṣi èèyàn lọ́nà bó ṣe ṣe Màmá Bata: salir, kí èèyàn jáde ni, kì í ṣe kó dọ̀tí, largo, ó gùn ni, kì í ṣe ó fẹ̀, gato, ológbò ni, kì í ṣe àkàrà òyìnbó, embarazada, ó lóyún ni, ẹ má sọ ọ́ nígbà tójú bá ń tì yín. Tí àgbà bá ń wọ kíláàsì quatrième, ẹ ní kó mú Sípéènì, kó má mú Jámánì. Ọkọ yín ní tiẹ̀, kó wá Bíbélì Reina-Valera ti 1960, òun lọ̀pọ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ń kà, kó máa ka ẹsẹ kan ní Yorùbá kó tún kà á nínú ìyẹn.

Ọmọ Míṣọ́n, Àjàṣẹ́
Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà tí wọ́n gbé wa lọ sí Malabo. Oṣù mẹ́ta ni mi ò fi lanu ní kíláàsì, lóòótọ́, ṣùgbọ́n lágbàlá ilé ìwé mo ti ń fo okùn pẹ̀lú wọn látọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má bi ọmọ lójoojúmọ́ pé kí lo gbọ́ lónìí, ó máa ń wúwo létí wa.

Màmá Bata, ẹ má bínú, èmi náà ṣe ògbufọ̀ fún ìyá mi lọ́jà, inú mi máa ń dùn sí i. Ti ilé ìwòsàn yẹn nìkan ni kò yẹ ọmọdé.

Ní ti Yorùbá, àbíkẹ́yìn yín ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Lọ́dún kejì èmi àti àbúrò mi ti ń fi Sípéènì jà. Ìyá mi kì í bá wa wí, tá a bá fi Sípéènì béèrè omi, kò ní dáhùn, á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ títí a ó fi ní "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi". Ìyá àgbà tó wà ní Kétu yẹn, ẹ ní kó máa sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wàásápù lọ́jọ́ Sunday, kó ki ọmọ yẹn ní oríkì ẹ̀. Ọmọ kì í gbàgbé ẹni tó ń kì í.

Nǹkan méjì tó kù, fọ́ọ̀mù wọn máa ń béèrè orúkọ ìdílé méjì, ti bàbá ṣáájú, ti ìyá tẹ̀ lé e, ẹ kíyè sí i, wọ́n kọ tèmi gbòdì, ó lé lọ́dún kan ká tó rí i tún ṣe. Owó wọn náà ń jẹ́ sẹ́fà, sẹ́fà 655.957 ni yúrò kan níbẹ̀ bíi tiwa, àmọ́ wọn ò ní gba tiwa lọ́jà, ẹ ṣẹ́ ẹ sí yúrò kẹ́ ẹ tó lọ. Lọ́jà, Pichi, brókìn tiwọn, lẹ máa gbọ́, ẹni tó bá gbọ́ brókìn àwọn Nàìjíríà á máa gbọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Ọlá, Àjàṣẹ́
Ẹ ṣé gan-an ni. Màmá Bata, mo ka tiyín fún ọkọ mi, kò fọhùn, ó kàn gbé fóònù ẹ̀ fún mi. Mo ti ṣe ẹ̀kọ́ kìíní lálẹ́ àná. Àbúrò ọkọ mi máa lọ sí Kétu ní Sátidé lọ fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lórí Wàásápù han ìyá ọkọ mi. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá fẹ́ sọ fún àgbàlagbà pé "ẹ rọra máa sọ ọ́", kí ni màá ní?

Tíṣà Ṣábẹ̀ẹ́
Hable más despacio, por favor. Hable o, kì í ṣe habla, habla la fi ń bá ọmọdé àti ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀.