Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtà àwọn ìyá wa ní Chicago?

Ìbéèrè:
Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa obìnrin mélòó kan níbí ní Chicago fẹ́ dá sẹ́ńtà sílẹ̀ fáwọn ìyá wa tó wá bá wa tọ́jú ọmọ, torí àtàárọ̀ dalẹ́ inú ilé ni wọ́n wà, kò sẹ́ni tí wọ́n á bá tàkúrọ̀sọ, yìnyín tún wá bo gbogbo ilẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní ká wá owó kọ́kọ́, àwọn kan ní ká rẹ́ńtì ibì kan ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣerú ẹ̀ rí, ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

Ìdáhùn:
Ẹ kú èrò rere, ẹ̀yin àbúrò mi. Ẹ fi owó àti ilé sílẹ̀ ná, ẹ lọ bá àwọn ìyá yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ìlú tẹ́ ẹ wà yẹn gan-an, bí àwọn obìnrin ṣe tún un ṣe nìyẹn. Ní 1889 Jane Addams àti Ellen Gates Starr kó lọ sí Halsted Street, àárín àwọn ará Ítálì, Jámánì, àwọn Júù, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Amẹ́ríkà bíi tiwa, wọ́n ń gbé inú ilé tí wọ́n ń pè ní Hull House. Bí wọ́n ṣe ń bá àwọn aládùúgbò ṣe ni wọ́n rí i pé àwọn ìyá kan ń tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ sínú ilé kí wọ́n lè ráyè lọ síbi iṣẹ́, ni wọ́n bá ṣí ibi tí wọ́n ti ń báwọn tọ́jú ọmọ lójúmọmọ. Nígbà tó yá Florence Kelley dara pọ̀ mọ́ wọn, òun ló ṣáájú iṣẹ́ kíkà ilé dé ilé, ẹ̀yà wo ló ń gbébẹ̀, eélòó ló ń wọlé fún wọn, wọ́n fi oríṣiríṣi àwọ̀ kùn ún sórí máàpù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1895. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn pẹ̀lú ìyẹn! Lọ́dún 1893 ìjọba Illinois ti ṣòfin pé ọmọ tí ò tíì pé 14 ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní fáktìrì, Kelley yìí náà ni gómìnà sì fi ṣe olórí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ti pàǹtí ló wù mí jù. Òórùn àdúgbò yẹn pọ̀, ọmọdé ń kú, Addams bá kọ̀wé pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ kíkó pàǹtí fóun. Wọn ò gbà, ṣùgbọ́n méyọ̀ fi í ṣe inspẹ́kítọ̀ wọ́ọ̀dù 19, dọ́là 1,000 lọ́dún, aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti ń tẹ̀ lé àwọn kẹ̀kẹ́ akópàǹtí. Lónìí, tẹ́ ẹ bá nírú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, 311, nọ́ńbà fóònù tí ìlú fi ń gba ẹ̀sùn, lẹ máa pè, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn tí wọ́n bá fún yín, ẹ tọ́jú ẹ̀.

Ìdáhùn:
Ẹ ṣé mà. Ẹ jẹ́ n fi ti Ida B. Wells kún un, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ oníròyìn, òun náà ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ Ida B. Wells Drive láàárín ìgboro. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá nígbà yẹn ò ríbi sùn, YMCA, ẹgbẹ́ Kristẹni tó ń fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin níbi sùn, ò gbà wọ́n, ló bá dá Negro Fellowship League sílẹ̀ ní 1910, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ibùsùn, ibi ìkàwé, àti bí wọ́n ṣe máa ríṣẹ́. Nígbà tí owó tán, owó oṣù tiẹ̀ ló ń ná sí i. Ní 1913 ó tún dá Alpha Suffrage Club sílẹ̀, àwọn obìnrin yẹn ń kanlẹ̀kùn kiri kí àwọn èèyàn lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ní 1915 Oscar De Priest sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wọ ìgbìmọ̀ ìlú. Ẹ lọ bá alderman wọ́ọ̀dù yín, ìyẹn aṣojú yín nínú ìgbìmọ̀ ìlú, kó mọ̀ yín. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ kìlọ̀ fáwọn ìyá: ẹni tí ò bá tíì di sítísìn, kó má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìdìbò kankan, kódà kí wọ́n nà án sí i níbi tó ti ń gba láísẹ́nsì ọkọ̀. Ó lè ba ìwé ìgbélùú ẹ̀ jẹ́ pátápátá.

Ìbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé sà. Ìwé ìjọba ńkọ́?

Ìdáhùn:
Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Secretary of State ti Illinois gẹ́gẹ́ bíi not-for-profit, ìyẹn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe torí èrè, dọ́là 50, ó kéré tán ẹni mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ jẹ́ directors, àwọn tó ń darí ẹgbẹ́. EIN, nọ́ńbà tí ẹgbẹ́ yín á máa lò fún owó orí, ọ̀fẹ́ ni lórí wẹ́ẹ̀bù IRS, àwọn agbowó orí ìjọba àpapọ̀, ẹ má sanwó fẹ́nikẹ́ni. Tówó tó máa wọlé ò bá ní ju 50,000 dọ́là lọ lọ́dún, Form 1023-EZ, fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa fi bẹ IRS pé kí wọ́n yọ̀ǹda yín lọ́wọ́ owó orí, ló rọrùn, 275 dọ́là. Ẹ tún fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Attorney General, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba Illinois, kẹ́ ẹ tó máa gba ọrẹ. Fún ibi ìpàdé, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní láíbìrì àdúgbò.

Ìdáhùn:
Tẹ́ ẹ bá ń bi àwọn ìyá léèrè, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè dá wọ bọ́ọ̀sì, ta ló ń dúró ti ọmọ tí wọ́n bá jáde, oògùn wo ni wọ́n ń lò. Kẹ́ ẹ sì béèrè nígbà tí ọmọ wọn ò sí nítòsí, torí ọ̀pọ̀ ìyá ò ní sọ òótọ́ lójú ọmọ.