Champions League 2011/12: níbo lo wà lálẹ́ tí Chelsea gba ife ní Munich?

Ọmọ Òjé
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fa ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ Àìkú: sáà Champions League wo ló dùn jù lọ? Wọ́n ní 2004/05, nítorí àṣekágbá tí Liverpool ti gba ife ní Istanbul. Èmi ní 2011/12, ẹsẹ̀ mi ò sì yẹ̀ lórí ẹ̀. Ṣé ẹ rántí? Manchester United àti City jọ já ní ìpele àkọ́kọ́. APOEL láti Cyprus lé Lyon lọ sílé, wọ́n bọ́ sáàárín ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kù. Messi nìkan ju góòlù márùn-ún sínú àwọ̀n Leverkusen lálẹ́ ọjọ́ kan. Chelsea lé kóòṣì wọn lóṣù kẹta, wọ́n gba ife mọ́ Bayern lọ́wọ́ lóṣù karùn-ún. Ẹni tó bá wo bọ́ọ̀lù 19 oṣù karùn-ún 2012 yẹn, kó sọ ibi tó wà àti ohun tójú ẹ̀ rí. Màá sọ tèmi náà bó bá yá.

Blue Ìjẹ̀bú
Drogba. Mo ti sọ tèmi.

Gunner Ṣómólú
Ilé ni mo wà, mo ń sùn ní tèmi. Láti oṣù kẹta ni sáà yẹn ti parí lójú mi. Milan na àwa Arsenal ní 4-0 ní San Siro. Nígbà tí wọ́n wá sí Emirates, Koscielny jẹ ọ̀kan, Rosický jẹ ọ̀kan, van Persie gbá pẹ́nárítì wọlé, 3-0 kí wọ́n tó lọ sinmi! Ẹyọ kan péré ló kù ká bá wọn dọ́gba. Van Persie tún kojú aṣọ́lé, ó fẹ́ rọra gbé e gba orí ẹ̀, Abbiati nawọ́ mú un. Títí dòní, bí mo bá rántí bọ́ọ̀lù yẹn, inú mi kì í dùn. Kí ni mo tún fẹ́ lọ wò ní Munich?

Blue Ìjẹ̀bú
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọdọọdún lẹ ń sun irú oorun yẹn.

Gunner Ṣómólú
Ọmọ yìí, máa bọ̀wọ̀ fágbà.

Agbowó Ẹnu Ọ̀nà
Òṣogbo ni mo wà nígbà náà, èmi ni mò ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà ilé tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa. Àádọ́ta náírà là ń gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ ò ní gbàgbé pé oṣù kìíní ọdún yẹn ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan kúrò ní 65 náírà, tó padà dúró sí 97 lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì. Ọ̀gá wa wá ní ọgọ́rùn-ún náírà ni ti àṣekágbá. Kò sẹ́ni tó janpata. Nígbà tó máa fi di aago méje àbọ̀, bẹ́ǹṣì ti kún, àwọn kan jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì, àwọn kan fẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n mú iná lọ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, a tan jẹnẹrétọ̀, èéfín ń gba abẹ́ tapólì wọlé, ojú ń ta gbogbo wa, kò sẹ́ni tó dìde.

Bayern nìkan ló ń gbá a. Gomez ń sọ ọ́ nù, Robben ń sọ ọ́ nù, Čech, aṣọ́lé Chelsea, ń lé e dànù. Ó di ìṣẹ́jú 83, Müller fi orí kàn án mọ́lẹ̀, ó ta sókè, ó kọjá lórí Čech, ó wọlé. Làwọn ọmọ Chelsea bá dìde. Mo rí bọ̀ọ̀dá kan tó bọ́ jẹ́sì ọrùn ẹ̀, tó ká a sábẹ́ abíyá, tó ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì lọ. Mo ní, “Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá, bọ́ọ̀lù ò tíì tán o.” Wọn ò wò mí. Bí wọ́n ṣe jáde tán, mo ti ilẹ̀kùn páànù.

Chelsea rí kọ́nà. Àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí látìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Mata gbé e kalẹ̀, ó gbá a wá. Drogba já síwájú gbogbo wọn, ó fi orí gbọ̀n ọ́n wọlé, Neuer fọwọ́ kàn án, agbára ẹ̀ ò ká a. Ariwo tó sọ níbẹ̀, mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ mọ́! Àwọn tó ti dé ojú títì gbọ́, wọ́n sáré padà, wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn. Mo ní ọgọ́rùn-ún náírà ni. Ẹni tó bá jáde ti jáde.

Ìyá Ìbejì
Háà! Ẹ tún gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ti sanwó?

Agbowó Ẹnu Ọ̀nà
Bẹ́ẹ̀ ni mà. A kọ ọ́ gàdàgbà sára páànù pé kò sí àtúnwọlé. Mo sì kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n tó lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìjọ́sí
Kọ́nà kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìṣẹ́jú 88? Ẹ má fi iyọ̀ sí i jù.

Blue Ìjẹ̀bú
Lọ wò ó. Bayern 20, Chelsea 1, wọ́n sì gbá 120 ìṣẹ́jú. Ẹyọ kan yẹn ni Drogba fi dá wọn padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìjọ́sí
Mo ti wò ó. Ó yà mí lẹ́nu.

Mọ́gàjí
Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọgọ́rùn-ún náírà. Ìwà ọ̀dájú ni. Níbi tiwa l'Abẹ́òkúta, wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ sí ẹ lọ́wọ́. Bó o jáde lọ tọ̀, bó o jáde lọ ra omi, wàá na ọwọ́, wọ́n á jẹ́ kó o wọlé. Àwọn èèyàn yẹn ò lọ sílé, ojú títì ni wọ́n dúró sí.

Agbowó Ẹnu Ọ̀nà
Ẹni tó lọ tọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó bínú lọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó jókòó ti ẹgbẹ́ ẹ̀ nígbà tó ń jìyà ló yẹ kó gbádùn ẹ̀ nígbà tó ṣẹ́gun. Èmi gan-an, ọmọ Chelsea ni mí, mo dúró.

Ìyá Ìbejì
Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n owó lẹ gbà.

Alájọ
Èmi wà lẹ́yìn agbowó. Epo tó ń jó nínú jẹnẹrétọ̀, ṣé ó mọ ẹni tó bínú? Wọ́n ṣì máa gbá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i, pẹ̀lú pẹ́nárítì. Ta ló máa ra epo yẹn?

Mọ́gàjí
Ẹni tó ti gba ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ gbogbo ará àdúgbò ni kó rà á.

Ọmọ Munich
Mo rí i pé ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ owó lé wa lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí pé Munich gangan ni mo wà. Mò ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ńlá, ọmọ Bayern sì ni mí láti ìgbà tí mo ti dé Jámánì. Ẹ ò lè mọ bí ìlú yẹn ṣe rí. Finale dahoam ni wọ́n ń pè é, àṣekágbá nínú ilé wa. Pápá tiwọn ni wọ́n ti máa gbá a, èyí tí kò wọ́pọ̀ rárá. Nínú Allianz Arena, wọ́n na aṣọ ńlá kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ìlú wa, pápá wa, ife wa. Ẹ̀rù sì wà lọ́kàn wọn, torí pé Dortmund ti gba líìgì mọ́ wọn lọ́wọ́, Dortmund yìí kan náà tún nà wọ́n ní 5-2 nínú àṣekágbá ife Jámánì lọ́sẹ̀ kan ṣáájú. Èyí nìkan ló kù.

Nígbà tí Müller jẹ ẹ́, ọ̀gá ilé ìdáná wa, tí kì í rẹ́rìn-ín, gbá mi mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun. Àmì ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn ẹ́púrọ́ọ̀nù mi. Lẹ́yìn náà ni Drogba dé. Nínú àfikún àkókò, Drogba yìí kan náà gbá Ribéry lẹ́sẹ̀, wọ́n fún wa ní pẹ́nárítì. Robben gbá a, Čech gbé e, ó dì í mú. Wọ́n ti jọ wà ní Chelsea rí, Čech mọ̀ ọ́n délé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo pẹ́nárítì tí Bayern gbá, ìhà tí bọ́ọ̀lù ń lọ náà ni Čech ń fò sí. Mata pàdánù ti Chelsea àkọ́kọ́, Neuer tó jẹ́ aṣọ́lé wá gbá tiẹ̀ wọlé, mo rò pé ó ti bọ́ sí i. Čech gbé ti Olić, ó fi orí ìka ta ti Schweinsteiger sára òpó. Ó ku Drogba. Ẹ mọ ìyókù. Àwa tá a wà nílé oúnjẹ yẹn, a fọ gbogbo abọ́ tán, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀.

A kì í mọ̀ ọ́n gún mọ̀ ọ́n tẹ̀ kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Bí ọ̀rọ̀ Bayern ṣe rí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Gunner Ṣómólú
Ọmọ Munich, ẹ pẹ̀lẹ́ gidi. Mo mọ bó ṣe ń dunni.

Ọmọ Munich
Ẹ ṣé. Wembley 2013 ló wò mí sàn, nígbà tí Robben jẹ góòlù sí Dortmund ní ìṣẹ́jú 89.

Blue Ìjẹ̀bú
Oríire ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé oríire ló nà Napoli? Wọ́n nà wá ní 3-1 ní Naples, Chelsea lé kóòṣì wa Villas-Boas, Di Matteo gbà á, a nà wọ́n ní 4-1 ní Stamford Bridge, Ivanović ló parí ẹ̀ nínú àfikún àkókò. Ṣé oríire ló wà ní Camp Nou? Cahill ṣèṣe, Terry gba káàdì pupa, Bosingwa ló wá ń ṣọ́ àárín ẹ̀yìn. Barcelona ti jẹ méjì. Ramires ta á gba orí Valdés wọlé. Messi gbá pẹ́nárítì lu ọ̀pá òkè. Torres sáré láti àárín pápá, òun nìkan, ó yà fún Valdés, ó jẹ ẹ́. Àwọn mẹ́wàá ló ṣe ìyẹn!

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìjọ́sí
Ọ̀pá òkè yẹn gan-an ni oríire.

Blue Ìjẹ̀bú
Messi ló gbá a lu ọ̀pá. A ò gbé ọ̀pá náà síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìyá Ìbejì
Ti Camp Nou yẹn lèmi rántí jù. Oyún àwọn ìbejì mi wà nínú mi, ọkọ mi ní kí n máa pariwo díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Torres bẹ̀rẹ̀ sí sáré, òun gan-an ló fò lu tábìlì, tó da ọbẹ̀ sílẹ̀.

Spurs Peckham
Gbogbo yín ń yọ̀, ẹ ò rántí ẹni tí wọ́n fi ife yẹn dá lóró. Tottenham ṣe ipò kẹrin ní líìgì, àmì 69. Chelsea ṣe ipò kẹfà, àmì 64. Ipò kẹrin ló ń gbé èèyàn lọ sí Champions League. Nítorí Drogba, wọ́n gba àyè wa fún Chelsea, wọ́n ní kí a lọ gbá Europa. Kò pẹ́ sí i, wọ́n lé kóòṣì wa Redknapp. Ilé ọtí kan ní Peckham ni mo wà, àwa ọmọ Spurs ń pariwo Bayern, Bayern, bí ẹni pé Munich ni wọ́n bí wa sí.

Mọ́gàjí
Ẹ̀yin náà lẹ ò gba ipò kẹta. Arsenal fi àmì kan péré jù yín lọ.

Gunner Ṣómólú
😂 Bàbá, ẹ ṣeun.

Spurs Peckham
Ẹ dáhùn èyí ná. Ní 2005, Liverpool gba ife, ipò karùn-ún ni wọ́n wà, Everton wà ní ipò kẹrin. UEFA jẹ́ kí àwọn méjèèjì wọlé. Kí ló dé tí wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa?

Alájọ
Nítorí ti 2005 yẹn gan-an ni wọ́n ṣe yí òfin padà, pé ẹgbẹ́ tó gba ife ló máa ní àyè, orílẹ̀-èdè kan ò sì gbọ́dọ̀ ní ju mẹ́rin lọ. Ó ti wà nínú ìwé kí sáà yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n tún wá sọ ọ́ di márùn-ún.

Spurs Peckham
Lẹ́yìn tí wọ́n ti rẹ́ wa jẹ tán.

Ọmọ Òjé
Mo ní màá sọ tèmi. Ọjọ́ Sátidé ni, mo wà níbi ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá mi ní Bódìjà. Aago mẹ́rin ni wọ́n kọ sínú ìwé, agogo méje ni tọkọtaya ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jó wọlé. Mo fi gèlè ìyàwó mi bojú, mo gba ọ̀nà ilé ìdáná jáde, mo dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tí wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n kékeré kan. Agbádá ni mo fi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí Drogba gbá pẹ́nárítì tó kẹ́yìn wọlé, bàbá ìyàwó fúnra ẹ̀ ló dì mọ́ mi. Mi ò mọ ìgbà tó débẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ìyàwó yín ńkọ́?

Ọmọ Òjé
Ó gba ìrẹsì tèmi pamọ́ fún mi. Ọlọ́run bùkún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìjọ́sí
Ẹ ò tiẹ̀ dárúkọ Mikel. Ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba Champions League, gbogbo 120 ìṣẹ́jú ló sì gbá.

Mọ́gàjí
Àkọ́kọ́ kẹ̀? Kanu ńkọ́? Ajax, 1995, ní Vienna, wọ́n nà Milan ní 1-0. Ọmọ ọdún 18 ni Kanu, wọ́n yọ Seedorf, ó wọlé.

Alájọ
Finidi ńkọ́ o! Òun ti wà nínú pápá láti ìbẹ̀rẹ̀. Kanu nìkan lẹ máa ń rántí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìjọ́sí
Wọn ò tíì bí mi ní 1995.

Mọ́gàjí
Jókòó, ká sọ ọ́ fún ẹ. Alájọ, ṣé ìwọ rántí ẹni tó fi bọ́ọ̀lù fún Kluivert tó fi jẹ góòlù yẹn?

Alájọ
Rijkaard. Ó kù díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú 85. Ilé bàbá mi ní Mọ́ṣàláṣí la ti wò ó, tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dúdú àti funfun.